Fóònù Oníbàárà Kọ́ Ló Yẹ Kó Pe Owó Ẹja

Ká ní oníṣòwò ẹja gbígbẹ kan ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, ní ìkànnì tí àwọn ará Ìkejà ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà á kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye kílò tó fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù, á sì fi ránṣẹ́. Ibi méjì la ti lè yẹ ohun tó kọ wò: nínú bíráwúsà (áàpù tó ń ṣí ìkànnì) orí fóònù rẹ̀, tàbí lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù náà.

Ti orí fóònù ló yá jù. Bí nọ́ńbà fóònù bá jẹ́ ẹyọ 10 dípò 11, bíráwúsà á sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ láìjẹ dátà. HTML, èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé ìkànnì, ní “required” (ó di dandan kó kọ ọ́) àti “pattern” (bí ohun tó kọ ṣe gbọ́dọ̀ rí) fún èyí. JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà tí Brendan Eich ṣe ní 1995, ló ń ṣe ìyókù. Ṣùgbọ́n kó má le jù: “pattern” tó gba A sí Z nìkan á lé Ṣẹ́gun padà, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ló kọ.

Èrò tó ń múni bínú ni pé bí bíráwúsà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, sáfà lè sinmi. Rárá o! Ọ̀rọ̀ lásán ló ń dé ọ̀dọ̀ sáfà, títí kan owó tí bíráwúsà bá ṣírò: kilo=3&owo=18000. Ẹnikẹ́ni lè ṣí irinṣẹ́ inú bíráwúsà kó sọ 18000 di 180, tàbí kó má tilẹ̀ ṣí fọ́ọ̀mù náà, kó fi curl, irinṣẹ́ tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀ láìlo bíráwúsà, rán an tààrà. Ńṣe ló dà bíi kí ìyá ẹlẹ́ja gbé òṣùwọ̀n lé oníbàárà lọ́wọ́, kó kẹ́yìn sí i, kó wá gba iye yòówù tó bá pè. Kò sí ìyá ẹlẹ́ja tó jẹ́ ṣe é.

Nítorí náà, kí fọ́ọ̀mù má fi iye owó ránṣẹ́ rárá. Irú ẹja àti iye kílò ti tó; kí sáfà wo owó nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kó ṣírò rẹ̀. Kó yẹ kílò náà wò pẹ̀lú, torí ẹni tó bá kọ -3 síwájú ẹja kan lè fi dín owó òmíràn kù. Bí páálí kan ṣoṣo bá sì kù, tí ẹni méjì tẹ bọ́tìnnì pọ̀, sáfà nìkan ló lè mọ ẹni tó kàn.

Bí sáfà bá kọ fọ́ọ̀mù, kó dá a padà pẹ̀lú gbogbo ohun tí oníbàárà ti kọ. Ìyà gidi ni kéèyàn tún bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ nítorí òdo kan, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà.