Ajax: Ọ̀nà Tí Apá Kan Ojú-Ìwé Fi Ń Yí Padà Láìtún Gbogbo Rẹ̀ Ṣí

Ajax ni ọ̀nà tí ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ti ṣí sílẹ̀ ń gbà bèèrè ohun tuntun lọ́wọ́ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú-ìwé ránṣẹ́ sí wa), tí ó sì ń fi ohun náà sí àyè tó yẹ ẹ́, láìjẹ́ pé ojú-ìwé náà kọ́kọ́ pa rẹ́ kí ó tó tún jáde. Tẹ́lẹ̀, bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá yí padà, gbogbo ojú-ìwé ni búráúsà (ohun èlò tí a fi ń ṣí ojú-ìwé) máa lọ gbé wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì ti kọ fọ́ọ̀mù dé ìdajì lè pàdánù ohun tó kọ. Microsoft ni ó kọ́kọ́ ṣe irinṣẹ́ tó ń gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí sáfà, tí a wá mọ̀ sí XMLHttpRequest, nítorí àwọn tó ń ka í-meèlì Outlook wọn nínú búráúsà, ó sì bá Internet Explorer 5 jáde ní ọdún 1999. Oṣù Kejì ọdún 2005 ni Jesse James Garrett, ará Amẹ́ríkà, sọ ọ̀nà náà ní Ajax.

Ẹ wo àpótí ìwákiri Google. Bí ẹ bá tẹ "Ìb", kóòdù JavaScript (èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún búráúsà) inú ojú-ìwé náà á fi lẹ́tà méjèèjì ránṣẹ́ sí sáfà, ẹ̀yin á sì máa tẹ ọ̀rọ̀ yín lọ. Èsì tó ń bọ̀ kì í ṣe odidi ojú-ìwé. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni, tí wọ́n sábà máa ń tò ní ìlànà JSON (ọ̀nà kan láti to ìsọfúnni kí kóòdù lè kà á) lóde òní, JavaScript á sì fi wọ́n rọ́pò àkójọ tó wà lábẹ́ àpótí náà nìkan. Dátà tó ń ná ni kò tó nǹkan, ìrọ̀rùn ńlá sì ni èyí fún ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ sórí fóònù.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù, lójú tèmi, ni pé èsì kì í fi gbogbo ìgbà dé bí a ṣe bèèrè wọn tẹ̀léra. Èsì "Ìb" lè pẹ́ lọ́nà, kí ó dé lẹ́yìn èsì "Ìbàd", kí ó sì bò ó mọ́lẹ̀; nítorí náà, ó di dandan kí kóòdù mọ ìbéèrè tó kẹ́yìn, kí ó sì da èsì àtijọ́ nù. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, búráúsà kò ní fi ohunkóhun hàn fúnra rẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ kóòdù bá ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Kódà fetch, àṣẹ JavaScript tó ń gba ipò XMLHttpRequest, kì í ka 404 (èsì tí sáfà fi ń sọ pé òun kò rí ohun tí a bèèrè) sí ìjákulẹ̀. Dandan ni kí a yẹ response.ok, tó ń sọ bóyá ìbéèrè yọrí sí rere, wò.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí kò ríran, tí ẹ̀rọ ń ka ojú-ìwé sí létí. Apá tó ṣàdédé yí padà lè má dé etí wọn rárá, àfi bí a bá ti fi àmì aria-live="polite" sí i lára nínú kóòdù kí èsì tó dé, kí ẹ̀rọ náà lè ka ohun tuntun náà jáde nígbà tó bá parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀.