Bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà ṣe ń da ọgbọ́n akàn rú

Bí òjò bá rọ̀ ní Ìlọrin, gọ́tà á gbá ọ̀rá píọ́ wọ́tà lọ sínú odò Asà. Omi Asà ń lọ sí odò Ọya, Ọya ń lọ sí òkun. Ọ̀rá tó bá rin ọ̀nà yẹn lè má dé ibẹ̀ ní odidi: oòrùn á mú un gan, á máa já wẹ́wẹ́, yanrìn á tún máa lọ̀ ọ́. Èyí tí kò bá tó mílímítà 5 mọ́ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní microplastic.

Ẹranko tó bá pàdé rẹ̀ lè má kú o. Ìwà rẹ̀ ló ń yí.

Akàn kan wà létíkun tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Wọ́n bí ilé mọ́ ìgbín ni. Akàn yìí, ayálégbé ni. Ìkarahun ìṣáwùrú tó ti kú ló ń wọ̀, bó bá sì ti ń dàgbà ni ilé ń há mọ́ ọn. Bí ẹni tó ń wá yàrá ní Tanke ní Ìlọrin ló ṣe ń ṣe é: á fọwọ́ pa ara ìkarahun tuntun káàkiri, á yí i, á tọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó jìn, kó tó yọ ara jáde wéré kó sì kó wọlé.

Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Belfast fi irú akàn bẹ́ẹ̀ sínú omi tó ní hóró polyethylene fún ọjọ́ márùn-ún. (Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ́ wọ́tà náà nìyẹn.) Wọ́n wá gbé ìkarahun tó dáa síwájú akàn tó wà nínú èyí tó há. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn tí omi tiwọn mọ́ ló kó lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti inú omi oníke bọ̀ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, ike inú omi ìdánwò sábà máa ń pọ̀ ju ti òkun lọ, a ò lè torí ẹ̀ ní gbogbo akàn ti gọ̀.

Ti ìṣáwùrú yàtọ̀. Òórùn ló fi ń mọ̀ pé akàn tó ń pa á jẹ ti dé. Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé fi hàn pé kẹ́míkà tó ń jò lára ike ti tó láti mú kó má fura mọ́, bí kò tilẹ̀ gbé ike kankan mì.

Ekòló etíkun ní tirẹ̀ ń jẹ yanrìn. Bí ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù bá wà nínú yanrìn yẹn, ó máa ń pẹ́ nínú ìfun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ á dín kù, ọ̀rá ara rẹ̀ á sì máa tán: ọ̀rá wọlé, ọ̀rá jáde. Ekòló tí kò jẹun tó kì í tú ilẹ̀ mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá, afẹ́fẹ́ kì í sì í ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn ohun kéékèèké tó ń gbé abẹ́ yanrìn dáadáa.