Ọjọ́ Iṣẹ́ Márùn-ún Ni Òfin Fún Yín, Kì í Ṣe Oṣù Kan

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni kẹta láàárín oṣù kan tún wọlé tọ̀ mí wá ní Àjàṣẹ́ níbí, ó gbé àpò ọ̀rá tó kún fún ìwé lé orí tábìlì mi, ó sì ní, "Bàbá, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ." Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ó gba lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún un pé iṣẹ́ ìjọba tó díje fún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó ní kò tíì pẹ́, kò ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lọ. Mo di ẹnu àpò náà padà fún un. Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe to ìwé ìdíje, tí mo sì ń kọ ìwé ẹ̀hónú fún wọn, n kò tíì rí ohun tó ń pa ẹjọ́ tó dára tó ọjọ́ tó ti kọjá.

Òfin 2020-26 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni ó ń darí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. PRMP ni ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbàṣe ní ilé iṣẹ́ ìjọba; ẹni tó bá ti gbé ìwé ìdíje lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ìṣirò ọjọ́. Láti ìgbà tí ìpinnu tó yọ yín sílẹ̀ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni ẹ ní láti fi ìwé ẹ̀hónú sílẹ̀ lọ́dọ̀ PRMP ilé iṣẹ́ tó pe ìdíje náà. Ìwé yẹn ni ó ń dá ètò dúró, tí wọn kò fi ní lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dá yín lóhùn. PRMP ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti fèsì. Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọjọ́ iṣẹ́ 2 péré ni ẹ ní láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ARMP, àjọ tó ń rí sí ìlànà iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, ní Kútọnu. Bí ó bá sì dákẹ́, tí ọjọ́ mẹ́ta náà pé, ọ̀nà ARMP ti ṣí sílẹ̀ fún yín nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé dídákẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ń ro tiwọn sí rere, wọ́n á sì jókòó sílé máa retí ìpè.

Ẹ jẹ́ kí n kà á bí mo ṣe máa ń kà á sórí ìka fún wọn. Ní ọdún 2024, ọjọ́ òmìnira wa, ìyẹn 1 oṣù Kẹjọ, bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 30 oṣù Keje kò ní ka ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn mọ́ ọn. Ọjọ́rú ni ení. Ọjọ́bọ̀ kò sí níbẹ̀ nítorí ìsinmi. Ọjọ́ Ẹtì ni èjì. Sátidé àti ọjọ́ Àìkú kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ẹ̀ta, Ìṣẹ́gun ni ẹ̀rin, Ọjọ́rú 7 oṣù Kẹjọ sì ni àárún tó kádìí rẹ̀. Àwa tí a dàgbà sí Kétu mọ̀ pé bí a bá ń ka ọjà ọrọọrún, à ń ka ọjọ́ tí a ná an mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ìṣirò ọjà ka ọjọ́ òfin yóò kàn tètè dé ni, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ń kà á láti ọjọ́ tó rántí ṣí lẹ́tà ni kò ní bá nǹkan kan ńlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sára lẹ́tà bí ẹ bá ṣe gbà á, kí ẹ sì gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiyín lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ẹ̀hónú sílẹ̀, torí pé ẹ̀hónú tí ẹ fi ẹnu sọ fún ọ̀gá kan lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ.

Èkejì ni ti iye owó. "Tèmi ló kéré jù, wọ́n kà á sókè lójú gbogbo wa." Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Kíkà tí wọ́n ń ka iye owó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí àpò ìwé kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò yóò tó wo ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ohun tí wọ́n béèrè mu, tí wọn yóò sì tún ìṣirò gbogbo ṣe. Oníbàárà mi kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ díje fún bẹ́ńṣì ilé-ẹ̀kọ́ 240. Ó kọ iye ẹyọ kan sí 28,500 sẹ́fà, ó sì kọ àpapọ̀ rẹ̀ sí 6,480,000. Ẹni tó tẹ̀ lé e kọ 6,700,000. Ó fi ayọ̀ lọ sílé. Àmọ́ nígbà tí iye ẹyọ kan àti àpapọ̀ kò bá bára mu, iye ẹyọ kan ni ìgbìmọ̀ ń gbà, 240 lọ́nà 28,500 sì jẹ́ 6,840,000. Ó ní ìgbìmọ̀ ló fi owó kún owó òun. Mo gbé ẹ̀rọ ìṣirò sí iwájú rẹ̀ pé kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló tẹ̀ ẹ́, kó tó yí ẹ̀rọ náà padà láti wo bóyá bátìrì rẹ̀ ń kú lọ.

N kò sọ pé ìgbìmọ̀ kì í ṣèrú. Mo ti borí wọn rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n tí kò sí nínú ìwé ìpè ìdíje wọn yín, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá lé yín nítorí pé owó yín kéré ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọn kò sì kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè àlàyé lọ́wọ́ yín, ẹjọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé ìpè ìdíje náà gan-an ni wọ́n gé mọ́ ẹnì kan lára, kí ọjọ́ ìfiwésílẹ̀ tó pé ni kí ẹ ti pariwo. Ẹni tó kà á, tó dákẹ́, tó díje, tó wá pàdánù, kí ló tún fẹ́ kí n bá òun kọ?

Àwọn kan wà lábẹ́ igi ìtòsí ilé iṣẹ́ ìjọba, tí wọn kò ka òfin yìí rí láyé wọn, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ yín pé àwọn mọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò tó ohun tí mo lè jókòó jiyàn lé lórí. Ti àwọn olóògùn ló ń dùn mí jù. Ọkùnrin kan láti Kétu, ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ dáadáa, gba òróró kan lọ́wọ́ oníṣègùn, kí ojú àwọn abánidíje má baà rí iye owó rẹ̀. Ó fi pa àpò ìwé náà lóru ọjọ́ tó ṣáájú ìfiwésílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, òróró ti wọ inú lẹ́tà owó, yíǹkì ti tàn kálẹ̀ lórí iye tó fi ọ̀rọ̀ kọ àti lórí iye tó fi nọ́ńbà kọ, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìjókòó pé kò ṣeé kà. Ọjọ́ iṣẹ́ kejì ni ó dé ọ̀dọ̀ mi. Òun nìkan ló tètè dé lọ́dún yẹn. Mo wo ẹ̀dà tó fi sílé, mo rí i pé owó rẹ̀ ló kéré jù lóòótọ́, n kò sì rí ìlà kan tí mo lè kọ fún un. Mo ní kó lọ gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ oníṣègùn náà. Ó ní òun ti dé ọ̀hún, oníṣègùn sì sọ pé iṣẹ́ òun jẹ́, ó bi í pé ta ni ó rí iye owó náà.