Ìdámọ̀ fọ́sìlì òòrẹ̀ òkun

Òòrẹ̀ òkun jẹ́ ẹranko ẹlẹ́gùn-ún tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun, ìbátan ìràwọ̀ òkun. Fọ́sìlì rẹ̀ ni ìkarahun tó ti di òkúta. Echinoidea ni orúkọ ẹ̀yà náà, ó sì ti wà láti ìgbà Ordovician, ó lé ní mílíọ̀nù 440 ọdún sẹ́yìn. Etí òkun, kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta àti oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni àwọn tó ń ṣa òkúta jọ fún ìgbádùn ti sábà máa ń rí i.

Àmì àkọ́kọ́ ni ìlà márùn-ún tó tàn láti orí wá sísàlẹ̀, tí ihò wínníwínní tò sí lára wọn. Ẹsẹ̀ rírọ̀ ẹranko náà ló ń gba inú ihò wọ̀nyí jáde. Ìkejì ni ojú ibi tó kán: calcite, èròjà òkúta ẹfun, ni ìkarahun náà, ó sì máa ń là pẹrẹsẹ, á sì máa dán bíi dígí. Blastoid, ẹranko òkun mìíràn tó jẹ́ ìbátan wọn, náà ní ìlà márùn-ún, àmọ́ wọ́n ti run tán kí ìgbà Permian tó parí, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn.

Ẹnu àti ihò ìdí

Ìrísí ìta máa ń tan ènìyàn jẹ, pàápàá nígbà tí òkúta bá ti tẹ̀ tàbí tí omi bá ti yí i gbirigbiri. Ibi tí ẹnu àti ihò ìdí wà ló ṣeé gbára lé jù. Lára àwọn tó rí roboto délé, ẹnu wà láàárín ìsàlẹ̀, ihò ìdí sì wà ní téńté orí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Jurassic, nǹkan bí mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn, ni a ti rí àwọn mìíràn tí ihò ìdí wọn ti kúrò lórí lọ sẹ́yìn.

Conulus àti Echinocorys, irú òòrẹ̀ òkun méjì tí wọ́n wọ́pọ̀ nínú ẹfun ilẹ̀ Yúróòpù ti ìgbà Cretaceous (èyí tó parí ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn), jọ ara wọn bí akoto méjì. Ẹ dojú wọn délẹ̀: ẹnu Conulus wà ní àárín gan-an, ti Echinocorys sún síwájú. Micraster ní tirẹ̀ rí bí ọkàn. Ẹnu rẹ̀ ní ètè, ihò ìdí rẹ̀ sì wà lókè lẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn aṣaòkúta ń rí kì í ṣe ìkarahun gan-an, bí kò ṣe akọ òkúta tí ń jẹ́ flint, tó kún inú ìkarahun kó tó jẹrà dànù. Kókó tí ẹ̀gún máa ń jókòó lé kì í sí lára irú èyí, ihò sì lè yọ síta bí orí abẹ́rẹ́. Orúkọ ìdílé nìkan ló sábà máa ń ṣeé sọ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá kọ orúkọ irú ọ̀wọ́ sí i ń yára jù.

Ọ̀rọ̀ Micraster

Ní 1899, Arthur Rowe, dókítà kan ní Margate ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ iṣẹ́ jáde lórí Micraster. Ẹ̀rọ oníṣègùn eyín ló fi ń gbọ́n ẹfun kúrò lára wọn. Ó fi hàn pé bí ènìyàn ṣe ń gòkè nínú ẹfun, láti ìpele tó pẹ́ jù sí èyí tó tuntun, ẹnu ń sún mọ́ etí iwájú, ètè ń yọ síta, àárín awẹ́ orí (ibi tí ìlà márùn-ún náà ti rí bí ewé òdòdó) tó ń dán tẹ́lẹ̀ sì ń wú, títí á fi là sí méjì. Ìdí nìyí tí Micraster tí a kò kọ ibi àti ìpele àpáta tó ti wá sílẹ̀ fi pàdánù ìdajì ìwúlò rẹ̀.

Àwọn yòókù

Cidaris àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní kókó ńlá kan ṣoṣo lórí pẹlẹbẹ ìkarahun kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín àwọn ìlà márùn-ún náà, ẹ̀gún wọn sì nípọn. Àwọn òòrẹ̀ òkun tó rí pẹlẹbẹ bí owó onírin (sand dollar) ní tiwọn, a kò tíì rí fọ́sìlì wọn nínú àpáta Cretaceous.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti abẹ́rẹ́ ni a fi ń fọ̀ wọ́n. Fínígà kì í ṣe flint ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ calcite, kókó àti ihò ló sì kọ́kọ́ máa ń parẹ́.