“Aládàáni Ló Máa Kọ́ Ọ, Ìjọba Ò Ní Ná Kọ́bọ̀”: Owó Ta Wá Ni?

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà kan ṣubú dábùú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ sì dúró. Èrò bọ́ sílẹ̀, oníkálukú wá ibi ìbòòji jókòó sí. Bàbá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbọn eruku fìlà wọn, wọ́n ní, “Ṣé ẹ rí ọ̀nà yìí, kí wọ́n gbé e fún aládàáni. Wọ́n á parí ẹ̀ láàárín ọdún méjì, ìjọba ò sì ní ná kọ́bọ̀.” Awakọ̀ wa ní, “Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá.” Ìyá tó kó ẹ̀lùbọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ṣe àmín. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ní Táákì ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ yunifásítì. Ó ń dùn mí, torí pé àwọn tó ń sọ ọ́ gan-an ni wọ́n máa san owó náà.

N kò bá Bàbá wí lórí ìbínú wọn. Ọdún 2010 ni ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ síta pé kí wọ́n sọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ di márosẹ̀ oníbejì, nǹkan bíi kìlómítà 52. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó jókòó ṣe ìdánwò WAEC. Ìdílé tí kò mọ ẹnì kan tí ọ̀nà àtijọ́ náà pa kò pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì ń retí síbi iṣẹ́ náà. Kò sí PPP, ìyẹn àdéhùn àjọṣe ìjọba àti aládàáni, níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ká wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà kò jẹ̀bi. Ìparí ọ̀rọ̀ Bàbá ni mo ń bá jà: ìjọba ò ní ná kọ́bọ̀.

Ohun tí wọ́n ń pè ní PPP kò ṣòroó yé. Ìjọba ló ni ilẹ̀ àti àṣẹ. Ilé-iṣẹ́ aládàáni lówó lọ́wọ́, tàbí kí ó lọ yá a. Wọ́n á jọ tọwọ́ bọ̀wé pé ilé-iṣẹ́ náà á kọ́ nǹkan, á máa tọ́jú rẹ̀, á máa gba owó níbẹ̀ fún iye ọdún kan, lẹ́yìn náà á dá a padà fún ìlú. Ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin rẹ̀, òfin náà ló bí àjọ ICRC tó ń ṣàmójútó irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ní àjọ tirẹ̀, OYSIPA. Pé ilé-iṣẹ́ kì í kọ́ ọ̀nà ṣe sàárà, n kò ní í fi ìyẹn gba àkókò yín, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé à ń pe ẹni tó gbé owó kalẹ̀ ní ẹni tó sanwó. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe yòókù ti ń hù.

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ náà. Bí òkú àgbà bá ṣẹlẹ̀, tí owó ò sí nílé, ẹni tó ní oko kòkó á fi oko dógò. Olówó á gbé owó kalẹ̀, ìnáwó á lọ bó ṣe yẹ, àlejò á jẹ, á mu. Lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí kò mọ̀dí á ní olówó ló sin òkú. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó tẹ̀ lé e, olówó ló ń wọ oko lọ ká kòkó, àwọn ọmọ olóko á máa wò ó. Ohun tí àwọn àgbà máa ń fẹ́ mọ̀ níwájú ẹlẹ́rìí ni pé kòkó tó ń ká yìí, ṣé ojú owó ló ń dín kù, àbí èlé lásán ni? Bí ó bá jẹ́ èlé lásán, olówó lè máa ká a títí ọmọ á fi di bàbá, gbèsè á ṣì wà ní odindi. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé ọ̀pọ̀ ìdílé dé kóòtù. Ọ̀nà tí aládàáni kọ́, oko tó wà ní ìdógò ni. Owó ibodè ni kòkó rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ oko mọ ọ̀kadà. Ọmọkùnrin tó gba ọ̀kadà pé òun á máa ṣiṣẹ́ san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ta ló ra ọ̀kadà náà? Ṣé ọ̀gá tó gbé owó kalẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni, àbí ọmọ tó ń gbé owó lọ fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Owó yẹn náà, ọ̀dọ̀ èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń wá. Kí ó tó parí rẹ̀, ohun tó ti san á ti kọjá iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọlọ́kadà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa sọ fún ọ pé ọ̀fẹ́ ni òun gbà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ tèmi ni o, kì í ṣe ti ọ̀nà kan pàtó. Ká ní ọ̀nà kan gba bílíọ̀nù 10 náírà, wọ́n yá gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi ogún ọdún san án tán. Bí èlé bá jẹ́ 18 nínú 100, ohun tí wọ́n máa san lọ́dún kan sún mọ́ bílíọ̀nù 1.87. Bí ó bá jẹ́ 30 nínú 100, ó ti lé díẹ̀ ní bílíọ̀nù 3. Nígbà tí ogún ọdún bá pé, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 37, ti èkejì á jẹ́ bílíọ̀nù 60. Ọ̀nà kan náà ni, ọ̀dà kan náà, òkúta kan náà.

N kò ṣàdédé mú iye wọ̀nyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀, èyí tí àwọn báńkì yòókù ń wò kí wọ́n tó yánilówó, dé 27.5 nínú 100. Ilé-iṣẹ́ tó bá lọ yáwó ní báńkì nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kò sí bí èlé tirẹ̀ ò ṣe ní í gun òkè ju ìyẹn lọ. Ìjọba àpapọ̀ máa ń rí owó yá ní èlé tó rẹlẹ̀ ju ti ilé-iṣẹ́, torí olówó mọ̀ pé owó orí gbogbo ìlú àti owó epo rọ̀bì wà lẹ́yìn rẹ̀; 18 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ tirẹ̀, 30 ni mo fi ṣe ti ilé-iṣẹ́. Ẹ wá pín in sórí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ 10,000 bá ń kọjá lójúmọ́, gbèsè èlé 18 á bọ́ sí nǹkan bíi náírà 510 lórí ọkọ̀ kan, ti èlé 30 á bọ́ sí nǹkan bíi náírà 825. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ 5,000 péré, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. N kò tíì ka owó òṣìṣẹ́, n kò tíì ka àtúnṣe ọ̀nà, n kò tíì ka èrè ilé-iṣẹ́.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí ẹni tó bá gba ọ̀nà nìkan ló ń san.” Kí wọ́n lọ bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn. Owó ibodè á wọ inú owó ọkọ̀, owó ọkọ̀ á wọ inú owó ọjà. Ìyá arúgbó tó jókòó sí Òkèlẹ̀rìn, tí kò dé Ìbàdàn láti ọdún mẹ́wàá, á san tirẹ̀ nínú àmàlà.

Oníbodè kúkú kì í ṣe àjèjì sí Ọ̀yọ́. Àwọn ará àtijọ́ san owó ní ẹnubodè ìlú kí òyìnbó tó dé. Ìjọba àpapọ̀ náà gba owó lójú ọ̀nà márosẹ̀ tirẹ̀ títí wọ́n fi wó àwọn ibodè náà ní 2004; ní Ìbàdàn, orúkọ “Toll Gate” ṣì wà lórí ilẹ̀ tí ibodè ti kúrò. Ohun tó yàtọ̀ báyìí ni pé owó náà ti ní ẹni tó ń dúró dè é ní báńkì kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kọjá.

Èyí mú mi dé ohun kan tí èmi fúnra mi kò mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ onídùúró. Báńkì kì í gbé owó kalẹ̀ nítorí pé ọ̀nà máa dára. Ohun tó máa béèrè ni pé, bí ọkọ̀ tí ẹ kà sílẹ̀ yìí ò bá wá ńkọ́? Bí ará ìlú bá kọ̀ pé àwọn ò san ńkọ́? Bí náírà bá já wálẹ̀ ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ìjọba ló ń ṣe onídùúró fún apá kan nínú ewu náà. Bí ọkọ̀ bá dín, ìjọba á fi owó kún un. Bí ìjọba bá fagi lé àdéhùn, ìjọba á san owó gbà-má-bínú. Láyé àtijọ́, bí ajigbèsè ò bá rí owó san, ilé onídùúró ni ológò, ẹni tí olówó rán láti gba gbèsè, á lọ jókòó sí. Ìjọba tó ṣe onídùúró lónìí, owó wa ló fi ṣe é.

A ti rí i. Ọdún 2006 ni wọ́n tọwọ́ bọ àdéhùn ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ní Èkó, fún ọgbọ̀n ọdún. Kò tíì dé ìdajì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi ra àdéhùn náà padà ní 2013. Lẹ́yìn rírà yẹn, wọ́n ṣì ń gba owó ibodè lọ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọdún 2009 ni wọ́n gbé e fún Bi-Courtney fún ọdún 25. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ fagi lé e, owó ìjọba ni wọ́n sì padà fi ń ṣe é. Ẹ ò ní í sọ pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní Scotland, wọ́n ṣí afárá erékùṣù Skye ní 1995, àwọn ará erékùṣù náà bá owó ibodè rẹ̀ jà fún ọdún mẹ́sàn-án, ìjọba sì ní láti rà á kí wọ́n tó lè fòpin sí i ní 2004. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, “aládàáni ló kọ́ ọ” ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo ní PPP kò dára. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní í rí owó gbà àfi bí ọ̀nà bá ṣí, kò ní í fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹni tó mọ̀ pé òun lòun máa dí kòtò fún ogún ọdún kò ní í fẹ́ da ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé náírà 825 sàn ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìdúró lọ. Ẹni tó bá ti gbé òkú kúrò lójú ọ̀nà àtijọ́ yẹn rí kò ní í bá mi jiyàn púpọ̀ lórí iye. Bóyá ti ọ̀nà tiwa á rí bẹ́ẹ̀. N kò rò pé ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà, ìbáà ṣe èmi, ìbáà ṣe Bàbá, láì rí ìwé àdéhùn. Ibẹ̀ gan-an ni ara ti ń fu mí. Àdéhùn tó máa di ìlú mú fún ọdún 25, fọ́tò ìgbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ la máa ń rí, a kì í rí ìwé. Òfin tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ méje ló sì fún iléeṣẹ́ ìjọba láti fèsì. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ká lò ó.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ńlá nìkan ni. Ọjà ni irú àdéhùn yìí máa ń kọ́kọ́ gbà wọ ìlú wa. Nígbà tí ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ jóná ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un kọ́. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà wà káàkiri tó jẹ́ pé aládàáni ló kọ́ ọ sórí ilẹ̀ ìlú, tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kí bíríkì tó kúrò nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ṣòwò, kí ẹ tó san, ẹ wo ọdún mélòó ló kù nínú àdéhùn ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìjọba, nítorí kò lè ta ohun tó ju ìyẹn lọ fún yín. Ẹ wo ẹni tó ni owó ìtọ́jú ọdọọdún, àti bóyá ó lè fi kún un nígbà tó bá wù ú. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìyá mi kékeré san owó ṣọ́ọ̀bù kan bẹ́ẹ̀. N kò ní í dárúkọ ibẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ sọ fún wọn pé wọ́n ti rà á nìyẹn. Ìyá mi kékeré ta ilẹ̀ kan láti fi rí owó náà san. Oṣù tó kọjá ni wọ́n tó gbé ìwé rẹ̀ fún mi kà, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé wọ́n háyà á, ọdún mọ́kànlá ló kù. Wọ́n ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo kà á. Wọ́n bi mí pé bí ọdún náà bá pé, ta ló máa ni ṣọ́ọ̀bù. Ìwé náà ní á di ti ìjọba ìbílẹ̀, “gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ṣe là á kalẹ̀”. Àdéhùn yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n fún wọn. A ti kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló fi ọwọ́ ara wọn gbé e lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwọn.