Ohun Tó Wà Lójú Ìwé Ni Kí Ẹ Kà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi láti gbọ́ orí kẹta nínú ìwé kan tí obìnrin kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kà sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí kò ríran. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì dùn ún gbọ́. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó dá ìwé kíkà dúró, ó gbàdúrà pé kí Olúwa la ojú gbogbo ẹni tó ń gbọ́ òun, ó ṣe àmín, ó sì padà sínú ìwé. Kò pẹ́ tó fi dé ibi tí òǹkọ̀wé ti to iye owó kòkó láti ọdún dé ọdún. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé, "Àtẹ kan wà níbí, ẹ má ṣe ìyọnu nípa rẹ̀." Inú àtẹ yẹn gan-an ni olùkọ́ wọn ti máa ń mú ìbéèrè jáde lọ́dọọdún.

Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn tó fẹ́ kàwé fún wa, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, kí n sì tún un ṣe kí ó tó dé etí ẹni tí a torí rẹ̀ kà á. Bí a ṣe ń tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ àti bí a ṣe ń jìnnà sí ariwo jẹnẹrétọ̀, n kò ní í fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí ìyẹn, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn àgbàlagbà tó kàwé kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó ń kàwé fún aláìríran yá a ní ojú ni, ojú tí a yá ènìyàn kò sì láṣẹ láti pinnu ohun tó yẹ kí ẹni náà rí.

Àwọn tí a ń kà fún pọ̀ ju bí ẹ ti lérò lọ. Àwọn tí ojú wọn fọ́ pátápátá wà níbẹ̀, àwọn tó ríran díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú wọn kò mú lẹ́tà kéékèèké wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àìsàn ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀ tí kò lè di ìwé mú, àti ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú nítorí ìṣòro tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Àwọn òbí máa ń na irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní olódo ni. Mo mọ ọ̀kan tó gba ipò kejì nínú kíláàsì rẹ̀ lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sí i létí.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ronú kàn lánàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kọkànlá ọdún 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé tí a kà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí àwọn tí kò ríran, àwọn sójà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ba ojú wọn jẹ́ sì wà lára àwọn tí wọ́n torí wọn ṣe é. Ní New York, ọdún 1948 ni Anne T. Macdonald kó àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ nínú ilé ìkàwé ìlú náà láti máa ka ìwé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn sójà tó pàdánù ojú wọn nínú ogun Hitler. Ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà láti san owó yunifásítì àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọn kò rí ìwé tí etí wọn lè kà. Ìṣẹ́jú 12 péré ni ojú kan àwo tí wọ́n ń lò nígbà náà ń gbà. Bí ẹ bá gbé ìwé òfin kan sórí irú àwo bẹ́ẹ̀, àwo á ga bí òkìtì, ẹnikẹ́ni ì bá sì rí àwáwí tí yóò fi gé ìwé kúrú. Lónìí, fóònù kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rùn-ún ìwé, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fo àtẹ.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì ni tiwọn. Ẹni tó bá ń ka ìwé Yorùbá sílẹ̀ ru ẹrù mìíràn tí àwọn obìnrin New York yẹn kò rù, ẹrù náà ni ohùn, orí rẹ̀ ni mo sì ti ń bá ènìyàn jà jù lọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí olùkà bá gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, olùgbọ́ á kàn mọ̀ pé àlejò ni. Nínú Yorùbá, ohùn ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Igba ni iye, ìgbà ni àsìkò, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbá ni a fi ń se ọbẹ̀. Ẹni tó ríran, bí ọ̀rọ̀ kan bá rú u lójú, á wo ìlà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, á sì tún un kà. Ẹni tó ń fetí gbọ́ kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ohun tí olùkà bá sọ sí i létí lọ, bí olùkà bá sì ti ṣi ọ̀rọ̀ pè, àṣìṣe náà ni ìwé lójú tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tí à ń tà lọ́jà kò ní àmì ohùn tó péye, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní àmì ìsàlẹ̀ rárá. Mo fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti gboyè ní yunifásítì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà. Ó kan gbólóhùn tí wọ́n tẹ̀ báyìí pé, "Baba naa kole ni Osogbo," ó sì kà á pé bàbá náà kólé ní Òṣogbo. Ó sọ ẹni tó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́lé di olè. Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta, àwọn ará àdúgbò wá bá bàbá yìí ṣe ìṣílé, wọ́n sì ń jó, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bá pè mí lórí fóònù pé kí ló dé tí wọ́n fi ń bá olè ṣe àjọyọ̀. Kò sí ohun tí ọ̀dọ́kùnrin náà fi pamọ́, kò sì fi iṣẹ́ ṣeré. Ohun tó ṣe ni pé kò ka ìwé náà tẹ́lẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba kíkà ojúẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú ka odindi orí ìwé náà tán. Ẹ fi pẹ́ńsù fa àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tó lè ṣini lọ́nà, ẹ fi àmì sí ibi tí èémí yóò ti dúró, kí ẹ sì béèrè orúkọ ìlú tí ẹ kò bá mọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìlú náà. Bí ẹ bá kan 45 nínú ìwé Yorùbá, márùndínláàádọ́ta ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín gbólóhùn Yorùbá ti yí ìwé oníwé padà. Bí ẹni tó wà nínú ìtàn bá ń sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú, a máa ń wá ọmọ bíbí ibẹ̀ tí yóò kọ́ olùkà ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo ti dá ojú ìwé kan ṣoṣo padà fún olùkà nígbà mẹ́fà, ó sì bínú sí mi. Ní ìgbà keje, ó kà á bó ṣe yẹ, ohùn náà ṣì wà lọ́dọ̀ wa títí di òní, àwọn tó ń lò ó kò sì mọ̀ pé ìgbà mẹ́fà ti kọjá.

Àwọn ọ̀dọ́ á sọ fún mi pé ayé ti kọjá ibẹ̀, pé ẹ̀rọ á kà á. Mo mọ ẹ̀rọ, mo sì ń lò ó. NVDA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ará Australia méjì tí wọn kò ríran bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, tí a kì í sì í san kọ́bọ̀ lé lórí, ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àmọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọ̀wọ̀, ọwọ́ àti ọwọ̀ síwájú ohùn Gẹ̀ẹ́sì, kò ní í mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Kí a tilẹ̀ tó dé ibẹ̀, nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ ya ìwé tí a sì ní kí kọ̀ǹpútà sọ àwòrán rẹ̀ di ọ̀rọ̀, ìdajì àmì orí àti ìsàlẹ̀ á ti já sílẹ̀ lọ́nà. Síbẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń lọ káàkiri láti gba owó lọ́wọ́ àwọn òbí pé òun yóò fi áàpù tó ń ka Yorùbá bí ọmọ Ọ̀yọ́ sórí fóònù ọmọ wọn. Mo gbọ́ áàpù náà. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì lásán ni, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Jìbìtì ni, orí ọmọ tí kò ríran ni wọ́n sì ti ń lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n tún mẹ́nu ba ọ̀ràn òfin, nítorí ìhà méjèèjì ni wọ́n ti ń ṣì í. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òǹkọ̀wé yóò pe àwọn lẹ́jọ́. Àdéhùn Marrakesh tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, tí Nàìjíríà sì fi òǹtẹ̀ lù ní 2017, àti òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ti ọdún 2022, fàyè gba àwọn àjọ tí kì í fi í ṣòwò láti sọ ìwé di ohun tí àwọn tí kò lè ka ìwé títẹ̀ lè lò, láìkọ́kọ́ tọrọ àṣẹ. Àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀wẹ̀, á ka ìwé tán, wọ́n á wá pín in fún gbogbo ọmọ ìjọ lórí WhatsApp kí àwọn tí ojú wọn dá ṣáká lè máa gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Àwọn yìí kọ́ ni òfin ṣí ilẹ̀kùn fún. Òǹkọ̀wé tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní í fẹ́ gbọ́ orúkọ aláìríran mọ́, àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò sì bá wí.

Ní ti àdúrà, n kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò kò bẹ̀ yín ní ìwòsàn, ìwé ló bẹ̀ yín. Mo ti rí ohun tí irú èrò yìí ń ṣe. Ìyá kan gba ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbọ́ ìwé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí wòlíì kan sọ fún un pé ọmọ tó bá ń lo ohun èlò afọ́jú ti gba ìfọ́jú mọ́ra. Gílọ́kọ́mà ló ba ojú ọmọ náà jẹ́, dókítà sì ti sọ fún wọn pé ohun tó ti lọ kò lè padà. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọkùnrin náà fi jókòó sílé tí kò gbọ́ ìwé kan, tó ń retí ọjọ́ tí wòlíì dá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e padà wá sọ́dọ̀ wa, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ ní kíláàsì kan.

Èyí tó dùn mí jù kò ti ọwọ́ wòlíì wá. Díákónì kan wà lára àwọn olùkà wa, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lò ó kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Òun ni a fún ní ìwé lítíréṣọ̀ Yorùbá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ṣe ìdánwò àṣekágbá girama. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kà á tán. Mo gbọ́ orí àkọ́kọ́, mo gbọ́ èyí tó kẹ́yìn, mo sì fọwọ́ sí i nítorí mo gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, n kò sì tún irú rẹ̀ ṣe mọ́. Ọmọbìnrin kan fi ohùn yẹn múra sílẹ̀ títí ó fi lè sọ ọ̀pọ̀ ibẹ̀ láìsí ìwé. Nígbà tó dé gbọ̀ngán ìdánwò, ìbéèrè tó gba máàkì jù lọ dá lé ẹsẹ Ifá, lórí bí a ṣe ń pín in sí ìsọ̀rí, láti orí orúkọ awo tó dífá títí dé ìparí rẹ̀. Kò rí nǹkan kan kọ. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Mà, ẹ sọ fún wa pé odindi ìwé ni."

Mo gbé ìwé náà, mo fi ohùn sí i, mo sì ń tẹ̀lé e láti ojú ìwé dé ojú ìwé. Díákónì ti fo gbogbo ẹsẹ Ifá, ó fo ọfọ̀, ó fo ìjálá tó bá ti dárúkọ Ògún, ó sì so ìlà tó ṣáájú pọ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀lé e pẹ̀lú ọgbọ́n, kí etí má baà mọ̀ pé nǹkan kan ti já níbẹ̀. Nígbà tí mo pè é, kò sẹ́. Ó ní òun ń dáàbò bo ọkàn wọn ni. Mo bi í pé ṣé ọmọ tirẹ̀, tí òun náà ń múra ìdánwò yẹn lọ́dún yẹn, kò ní ìwé kan náà ni. Ó ní ó ní in. Mo bi í pé ṣé ó ya ojú ìwé Ifá kúrò nínú tirẹ̀. Kò dá mi lóhùn.

Ọdún kan gbáko ni ọmọbìnrin náà fi dúró kó tó tún ìdánwò ọ̀hún ṣe. Èmi fúnra mi ni mo ka àwọn ojú ìwé tí díákónì fò, mo sì lọ bá bàbá awo kan ní Mọ́kọ́lá kí ó kọ́ mi ní bí a ṣe ń pe àwọn orúkọ tó wà nínú wọn. Láti ọdún yẹn, ojú ìwé kan ni a máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá wá sọ pé òun fẹ́ kàwé fún wa, kí ó kà á lójú wa kí a tó gbà á: ẹsẹ Ifá kan wà lójú ìwé náà, àtẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀.