Ọkùnrin Tó Sọ Káàdì Béèsìbọ́ọ̀lù Lórúkọ

Ní Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan bá ní T206 lòun ń ṣà jọ, àwọn tó mọ káàdì béèsìbọ́ọ̀lù, ìyẹn káàdì kékeré tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù, ò ní bi í pé kí ni yẹn. Mélòó ló kù ú kù ni wọ́n á bi í. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó gbé káàdì náà jáde ò mọ orúkọ yẹn rí. Ẹni tó wá fún un lórúkọ nígbẹ̀yìn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án péré ni nígbà tí káàdì náà kọ́kọ́ dé ìgboro.

Inú páálí sìgá ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Káàdì líle yìí kì í jẹ́ kí sìgá tẹ̀, ó sì ń mú oníbàárà padà wá. Láàárín 1909 sí 1911 ni American Tobacco Company gbé èyí tí mò ń wí jáde. Gígùn rẹ̀ ò tó íǹṣì mẹ́ta, etí rẹ̀ funfun, orúkọ agbábọ́ọ̀lù wà nísàlẹ̀. Ẹ yí i sẹ́yìn, ìpolówó tábà lẹ ó bá níbẹ̀: Piedmont, Sweet Caporal, Polar Bear, oríṣi mẹ́rìndínlógún. Èyí tó bá ti inú Polar Bear wá sábà máa ń ní àbàwọ́n, torí àárín tábà jíjẹ gan-an ni wọ́n ń kì í bọ̀.

Àṣìtẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Líìgì béèsìbọ́ọ̀lù ńlá méjì ló wà ní Amẹ́ríkà. Joe Doyle wà nínú ẹgbẹ́ New York ti American League. Larry Doyle wà nínú New York kejì, ti National League. Òǹtẹ̀wé da àwọn méjèèjì pọ̀, ó tẹ “N.Y. Nat'l” sábẹ́ àwòrán Joe. Nígbà tí wọ́n fura, wọ́n pa “Nat'l” rẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ aráyé. Àwòrán kan náà, ọwọ́ méjèèjì lókè orí. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ta ló wá ń ka irú nǹkan wọ̀nyí? Jefferson Burdick ni, ará Syracuse ní ìpínlẹ̀ New York, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ohun èlò iná mànàmáná. Kò lówó, kò níyàwó, làkúrègbé sì ti ká a lọ́wọ́ kò. Ní 1939 ó gbé ìwé atọ́ka kan jáde, èyí tó wá di The American Card Catalog. N ni káàdì tábà ọ̀rúndún kọkàndínlógún, T ni ti ọ̀rúndún ogún, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Elétí wúrà di T205, elétí funfun di T206. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìkójọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́: ẹni tí ò mọ bí odindi ṣe pọ̀ tó, kò lè mọ̀ pé ọ̀kan ṣì sọnù.

Káàdì agbábọ́ọ̀lù Honus Wagner, tó ṣọ̀wọ́n nínú T206, 50 dọ́là ni Burdick dá lé e. Ní 2022, wọ́n ta ọ̀kan ní mílíọ̀nù 7.25 dọ́là.

Láti 1947 ni Burdick ti ń kó káàdì tirẹ̀ fún Metropolitan Museum of Art ní New York lọ́fẹ̀ẹ́, ó lé ní 300,000. Ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n sínú álíbọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìka tí ò ṣeé nà tán mọ́. Ẹni tó ń ta káàdì lónìí ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n Burdick ò kó o jọ fún títà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kíní 1963 ló parí iṣẹ́ náà. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó ní òun ò ní padà wá mọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wọ ilé ìwòsàn. Oṣù Kẹta ló kú.